Dátà TESS pẹ̀lú Lightkurve: ó mú, ṣùgbọ́n ẹ má dá òun nìkan lò

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Tó bá jẹ́ pé ìràwọ̀ méjì-méjì tó ń yí ara wọn po, tí ọ̀kan ń ṣíji bo èkejì, lẹ fẹ́ máa ṣọ́, tẹ́ ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá píríọ́dù wọn (àkókò tí wọ́n fi ń yí ara wọn po lẹ́ẹ̀kan) ń gùn sí i ni àbí ó ń kúrú, dátà TESS tẹ́ ẹ máa fi Lightkurve kó wálẹ̀ ni nǹkan ọ̀fẹ́ tó dáa jù tí mo mọ̀ báyìí. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún (ẹ má rẹ́rìn-ín o, bí wọ́n ṣe ń fún nǹkan ní máàkì nìyẹn). Ìràwọ̀ kan tó kù yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí, torí ojoojúmọ́ là ń rí àwọn tó máa mú dátà oṣù kan péré, wọ́n á ya gíráàfù, wọ́n á sì kéde pé àwọn ti rí i pé píríọ́dù ìràwọ̀ báyìí báyìí ti yí padà. Oṣù kan kẹ̀! Kò rí bẹ́ẹ̀ jàre.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, TESS jẹ́ sátẹ́láìtì NASA tí wọ́n jù sókè ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2018. Plánẹ́ẹ̀tì ló bá débẹ̀, ti wa kọ́ ló bá wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣọ́ plánẹ́ẹ̀tì tó ń gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, ó di dandan kó rí ìràwọ̀ tó ń gba iwájú ìràwọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ kọjá náà, àwọn yẹn ló tiẹ̀ rọrùn láti rí jù torí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń bò pọ̀ gan-an. Nínú sẹ́kítọ̀ 26 àkọ́kọ́ (sẹ́kítọ̀ ni apá ojú ọ̀run tó ń wò lẹ́ẹ̀kan), kátálọ́ọ̀gì tí wọ́n ṣe jáde ní 2022 ní 4,584 irú àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú. Kámẹ́rà mẹ́rin ló gbé dání, á tẹjú mọ́ apá kan ojú ọ̀run fún nǹkan bí ọjọ́ 27, ìyẹn sẹ́kítọ̀ kan, kó tó kọjú síbòmíì, lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì á tún padà síbi tó ti wò tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kó sí MAST, ibi tí wọ́n ń tọ́jú dátà náà sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè lọ kó o, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé yunifásítì wo lẹ ti wá tàbí pé ta ló rán yín.

Lightkurve ní tiẹ̀ jẹ́ irinṣẹ́ Python. Ẹ kọ orúkọ ìràwọ̀ sínú search_lightcurve, á to gbogbo sẹ́kítọ̀ tó ti rí ìràwọ̀ náà síwájú yín, ẹ mú èyí tó wù yín, ẹ dánlóòdù, ẹ ní kó yà á, ó parí. Tẹ́ ẹ bá fún un ní píríọ́dù, fold á ká gbogbo ìyípo léra wọn kẹ́ ẹ lè rí bí ìṣíjibò yẹn ṣe rí gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò tíì kọ kóòdù rí á jìyà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Python díẹ̀ lásán, kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n lò, àlàyé tí wọ́n kọ sí i pọ̀, àpẹẹrẹ sì kún inú ẹ̀. Ó tún mọ dátà Kepler náà, sátẹ́láìtì NASA tó ṣáájú TESS, dátà tó jẹ́ ti 2009 sí 2013, èyí á wúlò fún wa tó bá yá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ ni pé kì í sùn. Ẹni tó bá ń fi tẹlisikóòpù wo ojú ọ̀run láti ilẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: oòrùn á là, ìkùukùu á wọlé, òṣùpá á dé, ìṣíjibò tẹ́ ẹ ti ń retí á wá bọ́ sí ọ̀sán gangan. Tí píríọ́dù ìràwọ̀ bá wá sún mọ́ ọjọ́ kan gééré, ẹ lè fi ọ̀pọ̀ oṣù wò ó kó jẹ́ ibì kan náà lẹ ó máa rí ṣáá. TESS ò ní wàhálà yìí. Yàtọ̀ sí àkókò díẹ̀ tó máa ń dúró fi dátà ránṣẹ́ sílé, á rí ìṣíjibò ńlá, á rí èyí kékeré tó ń tẹ̀ lé e, á rí wọn léraléra. Tí ìràwọ̀ bá mọ́lẹ̀ dáadáa tí ìṣíjibò ẹ̀ sì jìn, àkókò àárín ìṣíjibò tẹ́ ẹ máa rí gbà níbẹ̀ lè má fi ju sẹ́kọ́ńdì bíi mélòó kan yà. Àwọn tó ń fi ojú lásán wò láyé ọjọ́sí, tí wọ́n bá rí i láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á ti yọ̀.

Ìṣíjibò kékeré yẹn gan-an, ẹ má fojú di í o. Nígbà tí ọ̀nà tí ìràwọ̀ méjì ń gbà yí ara wọn po kò bá rí róbótó, tó gùn bí ẹyin, ẹyin yẹn fúnra ẹ̀ máa ń yí díẹ̀díẹ̀, nígbà náà àkókò ìṣíjibò ńlá á máa pẹ́ sí i bí ti kékeré ṣe ń yá sí i, lẹ́yìn náà wọ́n á yí i padà. Ẹni tó bá ń wọn ńlá nìkan á rò pé píríọ́dù ló ń yí padà, kò sì rí bẹ́ẹ̀. DI Herculis dààmú àwọn onímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹyin tiẹ̀ ń yí lọ́ra ju bí ìṣirò Einstein àti ti òòfà ṣe sọ lọ, àwọn kan tiẹ̀ ti ń bi ara wọn bóyá òfin Einstein ló fẹ́ kùnà, àfìgbà tí Albrecht àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn ní 2009 pé àwọn ìràwọ̀ méjèèjì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń pòòyì. Ibẹ̀ ni wàhálà wà látọjọ́ yìí. Einstein ò ṣe nǹkan kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tó jẹ́ kí n yọ ìràwọ̀ kan kúrò.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yíyí píríọ́dù padà dúró lórí gíráàfù O-C. O ni àkókò tí a rí ìṣíjibò lóòótọ́, C ni àkókò tí ìṣirò wa sọ pé ó yẹ kó ṣẹlẹ̀, ẹ yọ C kúrò lára O, ẹ máa tò ó lọ láti ọdún dé ọdún. Tí ìlà yẹn bá tẹ́jú, kò sí nǹkan kan. Tó bá dagun, tó lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ láìtẹ̀, ìyẹn ò sọ pé píríọ́dù ń yí padà o, ohun tó ń sọ ni pé píríọ́dù tẹ́ ẹ fi ṣe ìṣirò kò péye (ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí sára ògiri). Tó bá tẹ̀ tí ìdí ẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ bí abọ́, píríọ́dù ń gùn. Tó bá dojú abọ́ yẹn dé, ó ń kúrú. Tó bá ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi, ẹ̀yin àti ẹni kẹta lẹ jọ máa sọ̀rọ̀, a ṣì máa débẹ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò díẹ̀. Ẹ mú ìràwọ̀ méjì tó fara kanra, tí píríọ́dù wọn jẹ́ ọjọ́ 0.35, tó ń gùn sí i pẹ̀lú ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ọjọ́ lọ́dún kan, irú èyí wọ́pọ̀ gan-an. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìṣíjibò á ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ pẹ́ ju bí ẹ ṣe retí lọ. Ìyẹn ṣeé rí, ọmọdé á rí i. Láàárín ọdún kan ńkọ́? Sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin ààbọ̀. Torí pé ó ń kórajọ ni, tí ọdún bá di ìlọ́po mẹ́wàá, pípẹ́ yẹn á di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ó wá ku sẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo ti TESS, ọjọ́ 27: sẹ́kọ́ńdì 0.025. Ta ló fẹ́ rí ìyẹn? Kódà Beta Lyrae tí ti ẹ̀ yára lọ́nà àrà, tó ń fi nǹkan bí sẹ́kọ́ńdì 19 gùn sí i lọ́dọọdún lórí píríọ́dù ọjọ́ 12.9, TESS kì í rí ju ìyípo méjì ẹ̀ lọ nínú sẹ́kítọ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ fún un lọ́dún mẹ́wàá, á ti fi wákàtí tó lé ní méje pẹ́. Ọdún ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe bí kámẹ́rà ṣe mú tó.

Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má dá TESS nìkan lò. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ wá àkókò àtijọ́ mọ́ ọn. O-C Gateway ti àwọn Czech Astronomical Society ni mo máa kọ́kọ́ rán yín lọ, ẹ kọ orúkọ ìràwọ̀, ẹ máa rí àkókò ìṣíjibò tí àwọn èèyàn ti kó jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, àwọn míì fojú wò, àwọn míì fi fọ́tò, àwọn míì fi CCD, ìyẹn kámẹ́rà dígítà. Àkójọ Kreiner láti Kraków náà dáa fún píríọ́dù tó ṣì ń bá àkókò mu lónìí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀, BAV ti Jámánì àti AAVSO ti Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1911, náà ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ wọn ló ṣe é, lóru, nínú òtútù, ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn. Àkókò àwọn àgbà yẹn lè má péye tó ti TESS rárá, ṣùgbọ́n ẹ rántí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: àkókò kan tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣini láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn lè níyì ju àkókò mímú mẹ́wàá tó jẹ́ ti ọdún tó kọjá lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìn sí kòtò ni aago. TESS máa ń yọ 2457000 kúrò lára ọjọ́ Julian (ọjọ́ tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń kà lọ láìdá dúró) kó tó kọ ọ́, Kepler máa ń yọ 2454833, ẹ ò gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀ láìdá wọn padà. Yàtọ̀ síyẹn, aago TESS jẹ́ ti BJD, ìyẹn àkókò tí a wọ̀n láti àárín-gbùngbùn gbogbo ẹbí oòrùn, lórí TDB, aago àwọn onímọ̀ ìràwọ̀; àwọn àkókò àtijọ́ sì máa ń jẹ́ HJD, ti àárín oòrùn fúnra ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lórí UTC, aago tí gbogbo ayé ń lò. Ìyàtọ̀ àárín BJD àti HJD ò ju nǹkan bí sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin lọ, ẹ lè gbójú kúrò tí dátà àtijọ́ yín bá rí gbàgẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n UTC àti TDB fi sẹ́kọ́ńdì 69 yàtọ̀ lásìkò yìí! Ẹni tó bá kó wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀ á rí i tí O-C ẹ̀ fò sókè lójijì ní 2018, á máa pariwo pé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ìràwọ̀. Aago ló ṣẹlẹ̀ sí o. Ohun kan tí mo yin Lightkurve fún níbí ni pé ó kọ irú aago tó ń lò mọ́ dátà náà, ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ni, kì í fi pa mọ́. Ẹni tí kò bá ka ohun tí wọ́n kọ, ẹjọ́ ara ẹ̀ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, ẹ wo KIC 9832227. Ní 2017, onímọ̀ ìràwọ̀ Larry Molnar àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kéde pé àwọn ìràwọ̀ méjì yẹn, tí píríọ́dù wọn jẹ́ nǹkan bí wákàtí 11, ń sún mọ́ra wọn débi pé wọ́n máa kọlu ara wọn ní nǹkan bí 2022, tí gbogbo ayé á sì fojú lásán rí i. Ìròyìn gbé e kiri. Kì í ṣe pé wọ́n kàn sọ̀rọ̀ lásán o, wọ́n ní àpẹẹrẹ kan lọ́wọ́: V1309 Scorpii, tó bú gbàmù ní 2008, nígbà tí wọ́n padà lọ wo dátà OGLE (iṣẹ́ àwọn ará Poland tó ń ya fọ́tò ojú ọ̀run léraléra) ti ọdún mélòó kan ṣáájú, wọ́n rí i pé ìràwọ̀ méjì ni tẹ́lẹ̀, tí píríọ́dù wọn ti ń kúrú láti bí ọjọ́ 1.4, tó sì ń sáré sí i bó ṣe ń lọ, kí wọ́n tó di ọ̀kan. Nítorí náà èrò yẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ní 2018 Quentin Socia àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣàyẹ̀wò àkókò ìṣíjibò àtijọ́ kan tí gíráàfù yẹn dúró lé lórí, wọ́n sì rí i pé ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé ti fi wákàtí 12 ṣì í kọ. Wákàtí 12 lórí píríọ́dù wákàtí 11, ẹ ó rí i pé ó máa ṣòro fi ojú mọ̀, torí ó fẹ́ẹ̀ tó ìyípo kan gééré, wákàtí kan péré ló ṣẹ́ kù tó wá ń ṣe bí ẹni pé píríọ́dù ti yí. Wọ́n tún un ṣe, ìtẹ̀kọrọ̀ gíráàfù yẹn ò dúró mọ́, Molnar náà gbà bẹ́ẹ̀. 2022 dé, ó lọ, ìràwọ̀ wà níbẹ̀. Dátà Kepler tó mú ṣáṣá wà nínú iṣẹ́ yẹn náà, kò ràn wọ́n lọ́wọ́, nọ́ńbà kan láti ìwé àtijọ́ ló bà á jẹ́, nọ́ńbà kan náà ló sì tún un ṣe nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ n padà sórí irinṣẹ́ fúnra ẹ̀. Flatten inú Lightkurve, àṣẹ tó ń tẹ́ ìlà ìmọ́lẹ̀ sí dọ́gba, ẹ ṣọ́ra fún un. Plánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní lọ́kàn, fèrèsé tó ń lò tẹ́ ẹ ò bá yí i padà jẹ́ 101 dátà, ìyẹn fún dátà ìṣẹ́jú méjì-méjì jẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, ìṣíjibò tiwa sì lè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ló máa jẹ ẹ́. Remove_outliers náà, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ó lè gé ìsàlẹ̀ ìṣíjibò tó jìn kúrò bí ìdọ̀tí. Fún ìràwọ̀ tó fara kanra tí ìmọ́lẹ̀ wọn ò dúró sójú kan rárá, ẹ fi SAP (ìmọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n) wé PDCSAP (èyí tí wọ́n ti tún ṣe) kẹ́ ẹ tó gba èyíkéyìí gbọ́. Píksẹ́lì TESS fẹ̀, arcsecond 21 ni ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ (arcsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú 3,600 dígírì kan), ìmọ́lẹ̀ aládùúgbò á máa wọ inú tiyín, ìjìn ìṣíjibò ò ní ṣeé gbára lé bẹ́ẹ̀, àmọ́ àkókò ẹ̀ ò ní bàjẹ́ púpọ̀ àyàfi tí aládùúgbò yẹn náà bá ń ṣẹ́jú. Fọ́tò odidi ojú kámẹ́rà ti ọdún méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìràwọ̀ tí ìṣíjibò ẹ̀ ò ju wákàtí kan lọ, àmì méjì péré ni, ẹ má fi ìyẹn wá sẹ́kọ́ńdì.

Ohun tó bí mi nínú díẹ̀ ni pé kò sí àṣẹ kan nínú Lightkurve tó máa bá yín wá àkókò àárín ìṣíjibò. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ṣì ń lo ọ̀nà Kwee àti van Woerden ti 1956, ó yá, ó rọrùn, ṣùgbọ́n àṣìṣe tó máa ń kọ fúnra ẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò fọkàn tán an. Mo fẹ́ràn kí ẹ fi gbogbo sẹ́kítọ̀ náà ṣe àwòṣe ìṣíjibò kan, kẹ́ ẹ wá máa sún un síwá sẹ́yìn lórí ìkọ̀ọ̀kan.

Tí O-C yín bá wá tẹ̀ lóòótọ́, ẹ má sáré. Tí ìràwọ̀ tó fúyẹ́ bá ń da gáàsì sórí èyí tó wúwo, wọ́n á máa jìnnà síra, píríọ́dù á gùn; tó bá jẹ́ ẹni tó wúwo ló ń da sórí èyí tó fúyẹ́, á kúrú. Tó bá jẹ́ ìgbì, ó lè jẹ́ ìràwọ̀ kẹta tó ń fà wọ́n, tí àwọn méjèèjì á máa sún mọ́ wa, á máa jìnnà, ìmọ́lẹ̀ wọn á sì máa tètè dé tàbí kó pẹ́ (ìmọ́lẹ̀ ń lo sẹ́kọ́ńdì 499 láti oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ fi wọ̀n ọ́n). Ó sì lè jẹ́ ohun tí James Applegate sọ ní 1992, pé agbára mágínẹ́ẹ̀tì inú ìràwọ̀ máa ń yí bó ṣe rí padà ní sáà sáà, òòfà ẹ̀ á yí díẹ̀, píríọ́dù á tẹ̀ lé e. Ìṣòro ni pé gíráàfù méjèèjì lè jọra bí ìbejì. HW Virginis ni kẹ́ ẹ fi ṣe ẹ̀kọ́: ní 2009 wọ́n ní ohun méjì ló ń yí i po, ìṣirò fi hàn lẹ́yìn náà pé irú ọ̀nà tí wọ́n yà fún àwọn méjì yẹn ò lè dúró, àkókò tuntun tí wọ́n wọ̀n sì yà kúrò lójú ìlà tí wọ́n ti yà sílẹ̀. Nítorí náà tí ìgbì tẹ́ ẹ rí ò bá tíì yí ẹ̀ẹ̀mejì, èmi ò ní gba plánẹ́ẹ̀tì yín gbọ́, ẹ má bínú.

Ta ni kó wá lò ó? Ẹni tó ní sùúrù, tó mọ Python díẹ̀. Ẹni tó ní tẹlisikóòpù tiẹ̀ náà, kó má jù ú nù, torí TESS kì í wà lórí ìràwọ̀ yín nígbà gbogbo, ìṣíjibò kan tẹ́ ẹ bá wọ̀n láàárín ìgbà méjì tó wá wò ó á dí àlàfo yẹn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìràwọ̀ tí píríọ́dù ẹ̀ ò tó ọjọ́ kan, tí àkókò ẹ̀ nínú O-C Gateway ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí TESS sì ti rí i ní sẹ́kítọ̀ tó jìnnà síra wọn, ó kéré tán ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ àti ọ̀kan láti àìpẹ́ yìí. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá a, ẹ fi author sí SPOC (àwọn tó ń to dátà TESS fún NASA), ẹ fi exptime sí 120 (dátà ìṣẹ́jú méjì-méjì nìyẹn, ní sẹ́kọ́ńdì), kí gbogbo ohun tó bá jáde lè jẹ́ irú kan náà.